Ẹ̀rọ Tó Ní Kí Ìbídùn Ka Ọmọ

Ẹ má bi mí pé kí ni mo lọ ṣe ní Ugbonla. Ìyá mi ti bi mí, àbúrò mi ti bi mí, ọkùnrin tó ń tún bàtà ṣe lẹ́nu ọ̀nà ilé wa ní Ṣakí pàápàá bi mí, èmi tí mi ò jẹ ẹ́ ní bàtà kankan. Iṣẹ́ ni mo lọ ṣe. Mo kàwé olùkọ́, mo wáṣẹ́ títí ó fi sú mi, ibi tó gbà mí nìyẹn: jẹ́lé-ó-sinmi kan tó dúró lórí òpó nínú omi, ní ilẹ̀ Ìlàjẹ. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́.

Ohun tó máa ń bí mi nínú ni bí àwọn èèyàn ṣe ń sọ pé àjò kọ́ nìyẹn. Wọ́n á ní, “Ṣebí Yorùbá náà ni wọ́n? Ṣebí o ò kọjá Oǹdó?” Lójú tiwọn, ẹni tó bá wọ bàálù nìkan ló rìnrìn àjò. Ẹ gbọ́ ná, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sọ̀rọ̀ yẹn, inú eruku àti àpáta ni wọ́n bí mi sí. Odò tí mo mọ̀ ní kékeré, tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, ẹsẹ̀ gbígbẹ la fi ń kọjá nínú rẹ̀. Ẹ wá lọ gbé irú èèyàn bẹ́ẹ̀ sí ibi tí kò ti sí ilẹ̀ lábẹ́ ilé, kẹ́ ẹ sọ fún un pé ilé náà ló wà.

Ọ̀sẹ̀ tí mo dé, kóòmù mi bọ́ lọ́wọ́ mi, ó gba àárín pákó méjì, ó já sínú omi, ó lọ. Mo dúró, mò ń wo àlàfo pákó náà. Nílé wa, ohun tó bá bọ́ lọ́wọ́ èèyàn, èèyàn á bẹ̀rẹ̀, á mú un. Ní ibí yìí, ohun tó bá bọ́ ti di ti omi. Láàárín oṣù yẹn, omi gba bírò mi, ó gba yẹtí mi ẹyọ kan, ó gba kọ́kọ́rọ́ àpótí mi. Àwọn ọmọ kíláàsì mi á sáré wá wò ó láti àlàfo náà, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín. Mo bínú sí omi yẹn bí ẹni ń bínú sí orogún.

Omi ń bẹ níwájú, omi ń bẹ lẹ́yìn, omi ń bẹ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kò sì sí èyí tí èèyàn lè mu níbẹ̀. Iyọ̀ ni. Omi inú ọ̀rá là ń fi ọkọ̀ gbé wá láti òkè, níbi tí ilẹ̀ gbígbẹ wà, òun là ń mu. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ sọ èyí fún ìyá mi lórí fóònù, ó ní kí n má fi òun ṣe yẹ̀yẹ́.

Orí èbúté lèèyàn ti máa ń rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, níbi tí pákó parí sí. Ibẹ̀ ni mo máa ń dúró sí tí mo bá fẹ́ pe ilé.

“Ṣé o ti jẹun?” Ìyá mi ló ń bi mí.

“Mo ti jẹun, Màmá.”

“Kí lo jẹ?”

“Ẹja.”

“Àná ńkọ́?”

“Ẹja ni, Màmá.”

“Ṣé wọn ò mọ ewúrẹ́ níbẹ̀ ni? Ó dáa. Ṣáà má wọ ọkọ̀ ojú omi o. Mo ti bẹ̀ ọ́.”

“Màmá, kí lẹ rò pé mo wọ̀ débí?”

Ó ní òun ò fẹ́ mọ̀.

Mi ò ní purọ́ mọ́ wọn, àwọn ará ibẹ̀ ò ṣe mí níbi. Wọ́n ń fún mi lẹ́ja tí mi ò tọrọ. Tí wọ́n bá ń bá mi sọ̀rọ̀, Yorùbá tí gbogbo wa jọ ń sọ ni wọ́n ń sọ. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti kọjú sí ara wọn, wọ́n á yí ohùn padà, “ọmọ” á di “ọma,” ọ̀rọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, èmi á wá jókòó láàárín wọn, màá máa rẹ́rìn-ín níbi tí wọ́n bá ti rẹ́rìn-ín. Àńtí ará òkè ni wọ́n ń pè mí. Orúkọ náà ò burú. Àmọ́ tí wọ́n bá ń pe èèyàn ní ará ibòmíràn láràárọ̀, ó ní bó ṣe ń ṣe èèyàn.

Àwọn ọmọ ló gbà mí. Ọmọ ọdún mẹ́ta, ọmọ ọdún mẹ́rin, tó jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ló ń fi àjẹ̀ wa ọkọ̀ wá sílé ìwé, ìyá rẹ̀ kàn jókòó lẹ́yìn ni. Àwọn ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń wọ ọkọ̀: kí n fi ẹsẹ̀ sí àárín, kí n má fi sí etí, kí n má sì ké. Ọjọ́ tí mo wọ ọkọ̀ tí mi ò ké, gbogbo kíláàsì pàtẹ́wọ́ fún mi. Mi ò gba irú àtẹ́wọ́ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tí mo gboyè.

Ìbídùn wà nínú wọn. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni, ó kéré, ó dúdú, ẹnu rẹ̀ wúwo bí ẹni pé wọ́n ń ta ọ̀rọ̀ fún un. Ọ̀dọ̀ ìyá àgbà rẹ̀ ló ń gbé. Tí ìyá àgbà bá ń kó ẹja gbígbẹ sínú apẹ̀rẹ̀, Ìbídùn ló ń bá a kà á, kì í ṣì í. Mo ti dán an wò. Mo mú ẹja kan kúrò lẹ́yìn rẹ̀, mo fi pamọ́, ó yíjú wò mí, ó ní, “Àńtí, ẹ dá a padà.” Mo fẹ́ràn ọmọ náà, mi ò lè fi pamọ́.

Bí ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ṣe dé nìyí. Àwọn olùtọrẹ kan láti ìlú ńlá ní àwọn máa fún ilé ìwé wa ní kọ̀ǹpútà, pẹ̀lú ẹ̀rọ amúnáwá tí yóò máa gbé e. Wọ́n ní kí àwa fúnra wa yan ètò tí àwọn ọmọ yóò máa fi kẹ́kọ̀ọ́ lórí rẹ̀. Wọ́n gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀: Alága, tó jẹ́ àgbà ọlọ́kọ̀ ní ìlú náà, Ọ̀gá wa, obìnrin tó ni ilé ìwé, àti èmi, nítorí pé èmi ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ. Inú mi dùn. Mo rò pé wọ́n fẹ́ gbọ́ tẹnu mi.

Ṣé ẹ rí i, mo mọ ohun tí mo fẹ́. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi ní Ìlọrin ti fi ètò kan hàn mí tí kò ní ariwo nínú. Kò nílò íńtánẹ́ẹ̀tì. Olùkọ́ lè ya àwòrán ohun tó wà ní àyíká rẹ̀ kó fi sí i, ó sì lè fi ohùn ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ sínú rẹ̀. Ọmọ á fi ọwọ́ kan nǹkan, nǹkan á mì, á sọ orúkọ rẹ̀. Tó bá ṣì í, á tún fọwọ́ kàn án. Ọmọ ọdún mẹ́rin ò nílò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọwọ́ rẹ̀ ló fi ń gbọ́n.

Ká tó jókòó, Ọ̀gá ti ránṣẹ́ pe ẹnì kan láti Àkúrẹ́ pé kó wá ta tirẹ̀ fún wa. Ọkùnrin náà wọ táì nínú ọkọ̀ ojú omi, lójú oòrùn. Onítáì ni mo ń pè é lọ́kàn mi, orúkọ tí màá sì máa pè é náà nìyẹn. Ó gbé kọ̀ǹpútà kalẹ̀ sí iwájú kíláàsì, ó tàn án. Ohùn obìnrin kan jáde, ó ń gba imú sọ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ọmọ kan dìde, wọ́n lọ wo ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà bóyá wọ́n á rí obìnrin yẹn.

“Ètò yìí kì í ṣe kékeré,” Onítáì wí. “Ó máa ń díwọ̀n ọpọlọ ọmọ. Èyí tó bá yára, ẹyẹ ni yóò fún un. Èyí tó bá ń fà, ìgbín ni. Lójú ẹsẹ̀ lẹ ó ti mọ̀ ọ́.”

Ọ̀gá ń mi orí. “Ẹ jẹ́ kí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wa gbìyànjú. Ìbídùn, máa bọ̀.”

Ìbídùn bọ́ síwájú. Ẹja ló kọ́kọ́ jáde. Èmi ló ń túmọ̀ ohun tí obìnrin inú ẹ̀rọ ń sọ. Mo ní, “Ó ní kí o ka ẹja.” Ìbídùn kà á, ó fọwọ́ kan iye rẹ̀, gbogbo ojú ẹ̀rọ náà di àwọ̀ ewé, ó ń pàtẹ́wọ́. Bọ́ọ̀lù jáde, ó kà á. Ìgò jáde, ó kà á. Ọ̀gá ti ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni pé òun ló bí i.

Ni àwòrán ìyá kan bá jáde lórí ẹ̀rọ, ó dúró síwájú ilé, àwọn ọmọ rẹ̀ tò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Mo ní, “Ó ní kí o ka àwọn ọmọ ìyá yìí.”

Bí mo ṣe sọ ọ́ tán ni mo ti mọ̀. Ìbídùn wo àwòrán náà, ó wo èmi, ó sì kó ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sẹ́yìn.

Obìnrin inú ẹ̀rọ tún un sọ. Ìbídùn dákẹ́. Ojú ẹ̀rọ pọ́n, ó ké bí ẹni tí wọ́n tẹ̀ lẹ́sẹ̀. Ó tún un sọ. Ìbídùn ò mira. Ó tún pọ́n. Ètò náà ò sì jẹ́ kó kọjá lọ síbòmíràn, ó ṣáà ń dá a padà sórí ìyá yẹn àti àwọn ọmọ rẹ̀.

Onítáì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. “Wò ó, báyìí ni wọ́n ń ṣe é.” Ó na ìka sí ojú ẹ̀rọ, ó ń kà wọ́n sókè ketekete, ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta, títí ó fi kà wọ́n tán. “Ó yá, ìwọ náà kà á.” Ìbídùn fi ẹ̀yìn rìn kúrò níbẹ̀ títí ó fi kàn mí lẹ́sẹ̀.

Ìgbín bá jáde lórí ẹ̀rọ.

“Ọmọ yìí ń fà díẹ̀,” Onítáì wí.

“Ta ló ń fà?” Mo ti pariwo kí n tó mọ̀. “Ẹ̀yin ò rí i pé ó mọ̀ ọ́n kà? Ẹ ò gbọ́ ọ rí ni pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ? Ibo ni wọ́n ti tọ́ yín?”

Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ni mi ò lè gbàgbé. “Àńtí, ayé ti lajú. Kọ̀ǹpútà ò mọ èèwọ̀.”

“Ẹ wá ọmọ tí kò mọ èèwọ̀ kẹ́ ẹ lọ kọ́ ọ!”

“Ó tó!” Ọ̀gá ló gbà á lẹ́nu mi. Ó fà mí síta, ó ní mò ń dójú ti òun lójú àlejò. Mo ní àlejò wo? Èmi náà kì í ṣe àlejò ni? Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, òun náà ni kí n rántí.

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Ní Ṣakí, tí inú bá bí mi, màá sọ ọ́, a máa jà á, a máa parí rẹ̀, a máa jọ jẹun. Ní ìlú onílùú, àfi kéèyàn gbé ìbínú rẹ̀ mì bí oògùn. Mo gbé e mì lọ́jọ́ náà, kò sì dà nínú mi.

Nílé wa náà, tí o bá na ìka sí ọmọ kan pé o fẹ́ kà á, ìgbájú ni wàá fi gbọ́ èjì. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ Ìlàjẹ tàbí ti Ṣakí. Onítáì gan-an mọ̀ ọ́n. Ìyá tó bí Onítáì mọ̀ ọ́n. Ohun tó ń bí mi nínú nìyẹn o: gbogbo àgbàlagbà tó wà níbẹ̀ ló mọ̀ ọ́n, ọmọ ọdún mẹ́rin nìkan ló pa á mọ́, òun náà la wá fún ní ìgbín.

Ọ̀rọ̀ ò dúró níbẹ̀. Ọ̀gá ní àwọn olùtọrẹ fẹ́ rí ọmọ tó yára, pé ọmọ tí ẹ̀rọ bá fún ní ìgbín kò ní lọ sí kíláàsì kìíní lọ́dún tó ń bọ̀, kí orúkọ ilé ìwé má bàa bàjẹ́. Kò tilẹ̀ dúró kí ìgbìmọ̀ jókòó. Ìyá àgbà Ìbídùn wá mú ọmọ lọ́sàn-án, Ọ̀gá dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó sọ fún un lójú gbogbo èèyàn pé, “Màmá, ẹ má bínú, orí ọmọ yín ò gbé ìwé.”

Ìyá àgbà ò jà. Ó kàn di ọwọ́ Ìbídùn mú, ó lọ. Mo sá tẹ̀lé wọn lórí afárá pákó, mi ò tiẹ̀ rántí pé omi wà lábẹ́ mi.

“Màmá, ẹ jọ̀ọ́, irọ́ ni wọ́n ń pa. Ìbídùn gbọ́n. Ọmọ ni wọ́n ní kó kà.”

Ó dúró. Ó wo Ìbídùn tó ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tó ń sáré lọ níwájú, ó sì rọ ohùn sílẹ̀. “Ó ní ẹ̀gbọ́n kan tó jẹ́ ọkùnrin. Ṣé wọ́n ti sọ fún ọ?”

Mo ní wọn ò sọ fún mi.

“Àlejò kan wá kí wa. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó na ìka sí àwọn ọmọ, ó ń kà wọ́n, ó ní ẹ kú ọmọ o. Mo pariwo mọ́ ọn, ó rẹ́rìn-ín. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, ọmọkùnrin náà lọ wẹ̀, omi gbé e lọ. Ìṣojú Ìbídùn ni.” Ó nu imú. “Ọma mi ò ní ka ọmọ fún ẹnikẹ́ni. Tí ìwé bá ní kó ṣe bẹ́ẹ̀, kí wọ́n mú ìwé wọn.”

Lọ́jọ́ kejì, àga Ìbídùn ṣófo. Wọ́n ní ìyá àgbà ti gbé e lọ sí ìhà Etikan, sí abúlé apẹja tí àwọn ẹbí wọn ti ń sá edé, pé ibẹ̀ ni yóò máa gbé báyìí. Kò sí ilé ìwé kankan níbẹ̀.

Mo pe ìyá mi. Mo fẹ́ sọ gbogbo rẹ̀, ẹkún ò jẹ́.

“Ta ló lù ọ́?”

“Kò sẹ́ni tó lù mí, Màmá. Inú ló ń bí mi.”

“Máa bọ̀ nílé. Mo ti ní kí o máa bọ̀ nílé.”

“Mi ò ní wá sílé. Mo máa bá wọn jà ni.”

Ìyá mi mí kanlẹ̀. “Ó dáa. Àmọ́ tí o bá fẹ́ bá àgbà jà, kúnlẹ̀ kí o tó bẹ̀rẹ̀.” Ẹ rí irú ìyá tí mo ní.

Inú kíláàsì ni ìgbìmọ̀ ti jókòó, lórí àga àwọn ọmọ. Alága jẹ́ ọkùnrin tó sanra, àga pupa kékeré kan ló fún un mọ́ ìdí. Onítáì tún wà níbẹ̀, kọ̀ǹpútà wà níwájú rẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo kí Alága, mo sì sọ tèmi. Mo sọ nípa ètò tí mo mọ̀, pé ẹja wa àti ọkọ̀ wa la máa fi sínú rẹ̀, pé ohùn ti wa ni àwọn ọmọ máa gbọ́, pé kò sí pupa, kò sí ìgbín.

“Báwo lẹ ó ṣe wá mọ èyí tó gbọ́n?” Onítáì bi mí.

“Màá wò ó. Ojú ni Ọlọ́run fún mi.”

Ọ̀gá rojú. “Ìgbín kan náà ló ń bí i nínú. Ọmọ kan ṣoṣo ló kùnà, ó ti fẹ́ tú ilé ìwé ká.”

Alága gbé ọwọ́ sókè. “Àńtí, a ti gbọ́. Inú rere ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ràn ọmọ kọ́ ló mọ̀ nípa kọ̀ǹpútà. Ẹ jẹ́ ká mú ti ọkùnrin yìí.”

Ó ti tán nìyẹn. Ó fẹ́ dìde. Gbogbo ohun tí mo ti gbé mì bá gòkè wá.

“Alága, ẹ jọ̀ọ́ sà. Ọmọ mélòó lẹ bí?”

“Kí lo wí?”

“Ọmọ mélòó lẹ bí sà? Ẹ kà wọ́n fún wa.” Mo na ìka jáde. “Ọ̀kan...”

“Ṣé orí ẹ pé!” Ó fò dìde, àga pupa náà bá a dìde, ó lẹ̀ mọ́ ọn nídìí, kò tilẹ̀ mọ̀. “Ta ló rán ọ sí mi? A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ! Ní kùtù àárọ̀ báyìí! Ta ló rán ọ?”

“Ẹ̀rọ yìí ló rán mi, sà.” Mo ti wà lórí ìkúnlẹ̀ padà. “Ohun tó bi Ìbídùn ni mo bi yín. Ìbídùn ò dá a lóhùn, wọ́n pè é ní ìgbín, wọ́n lé e nílé ìwé. Ẹ̀yin náà ò dá a lóhùn. Kí ni ká pe ẹ̀yin?”

Ọ̀gá lọgun, ó ti orí mi mọ́lẹ̀. “Bẹ Bàbá! Bẹ Bàbá kíákíá!” Mo bẹ̀ wọ́n. Mo ní ẹnu mi ló ṣẹ̀, kí wọ́n forí jì mí. Mi ò sọ pé ìbéèrè náà ló ṣẹ̀.

Alága fi ọwọ́ tú àga náà kúrò nídìí. Kò jókòó mọ́. Ó yíjú sí Onítáì, ó ní, “Fi àwòrán yẹn hàn mí.” Onítáì tẹ̀ ẹ́, ìyá yẹn jáde pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀, obìnrin inú ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́. Alága wò ó, wò ó. Ojú ẹ̀rọ pọ́n, ó ké.

“Ìwọ,” ó sọ fún Onítáì, “nílé yín, ta ló máa ń ka ẹ̀yin ọmọ?”

Onítáì fọwọ́ kan táì rẹ̀.

“Di ẹrù rẹ.” Ó kọjú sí Ọ̀gá. “Ètò tí ará òkè yìí ń wí ni kẹ́ ẹ mú. Kí ọmọ náà sì padà.” Ó wá kọjú sí mi. “Ìwọ, má jẹ́ kí n gbọ́ ohùn rẹ fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko.”

Ẹ ò ní gbàgbọ́ ohun tí Ọ̀gá sọ nígbà tí wọ́n lọ tán. Ó ní nígbà tó jẹ́ pé èmi ni mo mọ ẹnu lò, èmi ni kí n lọ mú ọmọ wá. Èmi! Ṣé èmi ni mo dúró sẹ́nu ọ̀nà sọ pé orí ọmọ ọlọ́mọ ò gbé ìwé? Inú tún bí mi, mo bá ìbínú náà wọ ọkọ̀. Ọkọ̀ náà gba inú odò tóóró kọjá lábẹ́ igi, omi ń ta sí mi lójú, mo di etí ọkọ̀ mú, mò ń dá sọ̀rọ̀ títí awakọ̀ fi bi mí bóyá òun ni mò ń bá wí.

Ìyá àgbà wà níbi tí wọ́n ń sá edé lórí ẹní. Ó rí mi, kò dìde. Mo kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀.

“Ẹ ti ní orí rẹ̀ ò gbé e,” ó wí.

“Wọ́n parọ́, Màmá. Alága ti lé ẹ̀rọ yẹn lọ.”

“Ta ló tún máa bi í?”

“Kò sẹ́ni tó máa bi í mọ́. Èmi ni màá dúró síbẹ̀.”

Ó ń sá edé rẹ̀ lọ. Mo rò pé ó ti parí. Lẹ́yìn náà ló pe Ìbídùn, tó ti wà lẹ́yìn ilé tó ń yọjú láti ìgbà tí mo ti dé. “Ṣé wàá bá Àńtí lọ? Èmi á tẹ̀ lé yín lọ́la.” Kó tó parí ọ̀rọ̀, Ìbídùn ti wà nínú ọkọ̀. Àárín ló fi ẹsẹ̀ sí.

A rìn díẹ̀ lórí omi. Ó jókòó sí iwájú mi, ó ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀.

“Àńtí.”

“Ọmọ mi.”

“Mo mọ iye wọn. Mẹ́fà ni wọ́n.”

“Àwọn wo?”

“Àwọn ọmọ inú kọ̀ǹpútà. Inú mi ni mo ti kà wọ́n. Mi ò fẹnu kà wọ́n.”

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, kò jẹ́ kí n sọ ọ́. Ó ti gbé ojú sókè, ó ń wò mí. “Ọkùnrin yẹn fẹnu kà wọ́n. Ó tún na ìka sí wọn. Àńtí, ṣé gbogbo wọn ṣì wà?”

Láti ọjọ́ tí a ti pè é ní ìgbín lọmọ yìí ti gbé ọ̀rọ̀ yẹn sọ́kàn, tó ń bẹ̀rù fún ọmọ ọlọ́mọ.

“Wọ́n wà,” mo wí. “Gbogbo wọn ló wà.”

“Ṣé ẹ lọ wò wọ́n?”

“Mo lọ wò wọ́n kí n tó máa bọ̀. Wọ́n ń ṣeré.”

Ìgbà yẹn ló tó gbé orí lé mi lẹ́sẹ̀. Kò pẹ́ tó fi sùn lọ.